Ejò Tó Ṣán Mi Láì La Ẹnu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó pẹ́ tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí gúrúùpù àdúgbò wa. Ọkùnrin kan ló di ejò dúdú kékeré kan mú lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé béèyàn bá ṣáà ti di ejò mú lẹ́yìn orí, kò sóhun tó lè fi èèyàn ṣe. Mo wo fídíò náà tán, mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn tèmi.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé irun ni mò ń dì. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Apple Junction. Kò sí irú irun tí mi ò lè dì nígbà yẹn, àmọ́ èyí tí wọ́n mọ̀ mí sí jù ni wẹ́wẹ́, èyí tó máa ń tín-ín-rín bí òwú. Àwọn èèyàn ń ti Alákijà wá jókòó dè mí. Ẹ ò lè mọ iṣẹ́ tí ìka ìfábẹ̀lá ń ṣe nínú irun dídì àfi tí ẹ bá pàdánù rẹ̀. Òun ló ń ya irun, òun ló ń fà á, òun ló ń mú un le. Àtàǹpàkò kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Inú Festac là ń gbé, nísàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ nígbà láéláé fáwọn òṣìṣẹ́. Àwa háyà tiwa ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilé ní òpópónà wa jẹ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, alága àdúgbò wa sì wà lára wọn. Dádì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. (Mo ṣì ń pè wọ́n ní "wọn" títí di òní. Ó kàn ti mọ́ mi lẹ́nu ni, kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́.)

Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ni Dádì ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń rìn tàbí tó ń fà nílẹ̀, àwọn la máa ń bi. Bí kòkòrò bá jẹ ewébẹ̀ èèyàn, Dádì. Bí adìẹ bá ń tòògbé, Dádì. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n gbìyànjú fún àdúgbò wa. Nígbà tí tìràńsífọ́mà wa jó, àwọn ni wọ́n ń sáré káàkiri ọ́fíìsì títí iná fi dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi máa ń dà bí òfin létí wa.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní òpópónà náà, Màmá Dámilọ́lá. Ó ní kọńténà kékeré kan tó fi ń ta bisikíìtì, mílíìkì àti mínírà. Iwájú ilé Dádì gan-an ni kọńténà ọ̀hún wà, Dádì ló fún un láàyè níbẹ̀. Bí mo bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa bu oúnjẹ fún Ayọ̀ ọmọ mi. Bí òun náà bá lọ ra ọjà, èmi ni mo máa ń jókòó ti kọńténà fún un. Ọ̀rẹ́ ni wá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kì í ṣe ejò nìkan ni ìròyìn mi dá lé.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Òjò ti rọ̀ títí lọ́sẹ̀ yẹn, omi ò ríbi gbà, ó ń wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀. Dádì ní kí gbogbo ilé jáde wá kó gọ́tà. A jáde lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀, àwa obìnrin ń kó ìdọ̀tí sínú àpò. Ọkọ mi ò sí nílé, dírẹ́bà ni, ó ti gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn látàná.

Igi fúrúùtù ńlá kan wà ní igun òpópónà wa. Ewé tó ń já bọ́ lára rẹ̀ ti jẹrà di òkìtì, yanrìn gọ́tà tí wọ́n ń kó dà síbẹ̀ sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí èmi àti Màmá Dámilọ́lá kó. Òun ń fi réèkì wọ́ ewé, èmi ń kó o sápò. Bọ̀dá Múfú, bírìkìlà tó ń gbé lójúkojúu wa, ń fi ṣọ́bìrì tú òkìtì náà fún wa.

Bó ṣe kó ṣọ́bìrì kan, ó yí i dànù, nǹkan kan jábọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

Ejò ni. Ó dúdú, ó ń dán bí ẹni tó fi òróró para. Kò gùn tó apá mi, kò sì nípọn ju ìka lọ. Orí rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kò sáré, kò gbé orí sókè bí àwọn ejò tí mo mọ̀. Ńṣe ló ń ti imú bọlẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa padà sábẹ́ yanrìn.

Gbogbo wa sún sẹ́yìn. Bọ̀dá Múfú gbé ṣọ́bìrì sókè láti pa á. Ibẹ̀ ni Dádì ti dé.

Wọ́n ní kó sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ejò tí kò ríran ni, pé aràn ló sún mọ́ ju ejò lọ, pé ikán ló ń jẹ, kò lóró, kò léyín tó lè wọ èèyàn lára. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ làwọn fi ń mú un nínú oko. Ẹnì kan ní kí Dádì wá mú un nígbà náà. Wọ́n ní ìbàdí àwọn ò jẹ́ káwọn bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n wá kọjú sí mi, torí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Wọ́n ní kí n mú un, kí n jù ú sínú pápá tó wà lódìkejì, kó máa lọ jẹ ikán rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ̀rù ń bà mí."

Wọ́n ní, "Mú un lọ́rùn, lẹ́yìn orí gẹ́lẹ́. Kò lè yíjú padà ṣán ẹ. Ṣé ìwọ tó o máa ń fi ìka tú irun kíkú lórí èèyàn lò ń bẹ̀rù aràn?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo wojú Màmá Dámilọ́lá. Ó fẹ̀yìn ti réèkì rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mú un jàre, ká rí iṣẹ́ ṣe tán."

Ẹ bá mi wò ó. Àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́ sọ pé kò lóró. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú un. Gbogbo àdúgbò ń wò mí. Kí lẹ rò pé èèyàn máa ṣe?

Mo mú un. Lẹ́yìn orí gẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe wí. Ara rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀. Kò la ẹnu. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, ìyẹn ni mò ń ṣọ́, mo sì lè búra pé ó pa á dé. Ńṣe ló tẹ orí mọ́ àyà, bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ orí nù mí lọ́wọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nǹkan gún mi ní ìka ìfábẹ̀lá.

Mo jù ú sílẹ̀. Bọ̀dá Múfú fi ṣọ́bìrì pa á. Mo wo ìka mi, ihò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ju ìkán kan lọ.

Dádì ní kí n mú ọwọ́ wá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ejò kì í ṣán ní ihò kan, pé ẹ̀gún inú ewé ló gún mi bí mo ṣe ń kó o. Wọ́n ní kí n lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n sì yí padà sídìí gọ́tà.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé mi tí ìka náà fi wú. Ìrora rẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Mo ti bímọ méjì, ẹ gbọ́. Ó dà bíi pé wọ́n ti ọwọ́ mi bọ epo gbígbóná, wọn ò sì jẹ́ kí n yọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Màmá Dámilọ́lá ló sáré wọlé bá mi, òun ló pe kẹ̀kẹ́, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù aládàáni kan nítòsí. Mo sọ èyí torí òótọ́ ni. Ó gbá mi mọ́ra nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, ó ń sunkún jù mí lọ.

Níbẹ̀, wọ́n bi wá pé kí ló ṣe mí. Màmá Dámilọ́lá ló dáhùn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ejò ni, àmọ́ pé Dádì wa sọ pé kò lóró, wọ́n tilẹ̀ ní kí n fọwọ́ mú un. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé o.

Dókítà ibẹ̀ wo ihò kan ṣoṣo náà, òun náà ní kò jọ ti ejò. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó ní kí n máa lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ìka mi ti kúrò ní pupa, ó ti ń ní àwọ̀ aró. Ọwọ́ mi wú dé ìgbúnwọ́. Ọkọ mi dé láàárọ̀ yẹn, ó rí mi, kò tiẹ̀ jókòó, ó gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá.

Dókítà obìnrin kan ló tọ́jú mi níbẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó bi mí bí ejò náà ṣe rí, mo sọ fún un. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.

Ó ní, "Nígbà tó gún yín, ṣé ó la ẹnu?"

Mo ní rárá, mà.

Ó gbé ọwọ́ mi, ó tún un wò. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn ejò kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí tó jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọmọ eku àti alángbá tó wà nínú ihò ni wọ́n ń pa jẹ. Inú ihò sì há, kò sáyè àtila ẹnu, nítorí náà eyín wọn gùn, ó sì máa ń yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ọ̀bẹ tí wọ́n yọ láti inú àpò. Wọ́n máa ń fi eyín ẹyọ kan gún ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kò síbi téèyàn lè di irú ejò yìí mú tí kò ní gún un. Ó ní ọrùn tí mo dì mú yẹn gan-an ló burú jù. Ó ní òjò ló ń lé wọn jáde, pé nígbà tí omi bá kún ilẹ̀ la máa ń rí wọn.

Mo bi í nípa abẹ́rẹ́ oró ejò. Ó mi orí. Ó ní oró àwọn ejò mìíràn ni wọ́n ṣe èyí tó wà nílẹ̀ fún, kò ran ti eléyìí. Ó ní àwọn máa tọ́jú ìrora, àwọn máa ṣọ́ ọkàn mi, àwọn á sì máa wo bí ìka náà ṣe ń ṣe. Ó ní kí n dúpẹ́, pé ó ti pa ẹlòmíràn.

Ìka mi dúdú. Ó kọ́kọ́ dúdú lórí, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀. Mò ń wò ó tó ń kú lára mi lójoojúmọ́ bí ẹní ń wo ẹ̀ka igi tó ń gbẹ. Nígbà tó yá, dókítà náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa sọ. Wọ́n gé e. Díẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan ló kù.

Mo lè fara da ìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́. Ejò ò mọ̀ mí rí, mo lọ bá a ní abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, mo di í lọ́rùn mú. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Mi ò bínú sí ejò.

Dádì wá kí mi lọ́sibítù pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò méjì. Wọ́n ra ọsàn àti ápù wá. Wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n ní ká dijú ká gbàdúrà. Wọ́n gbàdúrà dáadáa o, wọ́n mọ àdúrà í gbà. Àfi bí wọ́n ṣe dé ìparí, tí wọ́n ní, "Olúwa, kọ́ àwọn obìnrin wa ní ìgbọràn, kí wọ́n máa gbọ́ ìkìlọ̀ àgbà."

Ọkọ mi ní, "Àmín."

Mo la ojú. Mi ò mọ ìgbà tí mo là á. Mo ń wo ọkọ mi tó dijú, tó ń ṣe àmín sí i.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo bi í pé ìkìlọ̀ wo. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé Dádì ti pe òun lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé yẹn? Pé Dádì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún òun: bí àwọn ṣe ní kí n má fọwọ́ kàn án, bí àwọn ṣe ní kí n jẹ́ kí Múfú pa á, tí mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé mo fẹ́ fi hàn pé mi ò bẹ̀rù. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Màmá Ayọ̀, bàbá àgbà bí irú ìyẹn ò ní dédé purọ́ mọ́ ẹ. Kí ni wọ́n máa rí níbẹ̀?"

Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé òun ò bá mi jà, òun kàn fẹ́ kí n máa gbọ́ràn lọ́jọ́ mìíràn. Ó bó ọsàn tí Dádì mú wá, ó gbé e fún mi. Mi ò jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo padà délé, ìtàn náà ti gba gbogbo òpópónà. Àwọn tó wá kí mi ń sọ ọ́ sí mi lójú, tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, orí kunkun ò dáa." Wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló yọ ẹ́, lọ́jọ́ mìíràn máa gbọ́ tàgbà." Àwọn tó sì wà níbẹ̀, tó rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ náà, àwọn náà ń kí mi ní pẹ̀lẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ kankan kọjá pẹ̀lẹ́.

Mo wá pinnu pé mo máa lọ sí mítìn-ín àdúgbò. Ọkọ mi ní kí n má lọ. Mo lọ. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, mo dìde. Mo ní mi ò wá torí owó, mi ò wá bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí Dádì sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi lábẹ́ igi fúrúùtù lójú gbogbo wa. Kí wọ́n ní àwọn ṣì í mú ni. Àṣìṣe ni, ta ni kì í ṣàṣìṣe? Mo ní bí wọ́n bá sọ ọ́, mo ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn.

Dádì yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní àánú mi ń ṣe àwọn, pé ìrora lè da nǹkan rú mọ́ èèyàn lójú. Wọ́n ní àwọn kìlọ̀ fún mi, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí àwọn.

Mo ní Ọlọ́run nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo yíjú sí Màmá Dámilọ́lá. Àga tó tẹ̀ lé tèmi ló jókòó lé. Mo ní, "Ìwọ lo dúró tì mí. Jọ̀ọ́, sọ ohun tó o gbọ́."

Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ní, "Ibi tí mo wà jìnnà díẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí Dádì sọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ tí ejò gún mi, mo kígbe. Ọjọ́ yẹn, mi ò lè la ẹnu. Mo wo Bọ̀dá Múfú, ó ń wo òkè àjà. Mo wo àwọn yòókù, kálukú ń wo fóònù rẹ̀. Akọ̀wé wá ní kí á tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ géètì tuntun, wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ géètì tán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá Dámilọ́lá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbìyànjú irun kọ́sítọ́mà kan, mò ń fi ìka àárín ṣe ohun tí ìfábẹ̀lá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò ṣe é ṣe. Ẹ̀ka irun kọ̀ọ̀kan tí mo bá dì ń tú látìdí. Kọ́sítọ́mà náà ṣe sùúrù títí, ó wá ní òun rántí pé òun níbì kan tí òun ń lọ, òun máa padà wá. Ẹ̀gbẹ́ orí kan ní dídì, ẹ̀gbẹ́ kan ní títú, ó so gèlè lé e, ó lọ. Kò padà wá.

Ìgbà tó lọ tán ni Màmá Dámilọ́lá tó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ṣé mo mọ ibi tí kọńténà òun wà. Ó ní bí Dádì bá ní kó gbé e kúrò níbẹ̀, níbo lòun fẹ́ gbé e lọ, kí ni Dámilọ́lá fẹ́ jẹ? Ó ní òun ò sùn láti ọjọ́ mítìn-ín yẹn. Ó wá bi mí pé, "Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Mo gbé ọwọ́ mi sókè kó rí i dáadáa. Mo ní, "Ìwọ ní ibi tó o ti ń tajà. Eléyìí ni kọńténà tèmi."

Ó sunkún. Mi ò sunkún. Mo ní kó máa lọ, kí Dámilọ́lá má bàa dé láti ilé ìwé kó má bá a nílé. Láti ìgbà náà, a ń kí ara wa ní òpópónà. Ẹ káàárọ̀, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ayọ̀ ọmọ mi bi mí rí pé kí ló dé tí òun ò lọ jẹun níbẹ̀ mọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ kékeré?

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí òtítọ́ ti wá jáde? Bọ̀dá Múfú kó lọ sí Alákijà. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, ọkọ mi bá a gbé bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ti di ẹrù tán, tí dírẹ́bà ti ṣáná sọ́kọ̀, Bọ̀dá Múfú fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ò purọ́. Bàbá yẹn ló ní kí n sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀, òun ló ní kó fọwọ́ mú ejò, gbogbo wa la gbọ́." Ó ní kó bá òun bẹ̀ mí. Ó gun ọkọ̀, ó lọ.

Ẹ ò rí i? Ìgbà tí ẹrù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ mi wọlé, ó jókòó. Ó wá ròyìn fún mi ohun tí Múfú sọ. Ó ní kí n má bínú. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń fọ aṣọ gbogbo wa, kò jẹ́ kí n fún aṣọ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló fi ń bẹ̀ mí. Mo bi í pé ṣé ó máa lọ bá Dádì, ṣé ó máa sọ ọ́ ní mítìn-ín bí Múfú ṣe sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá ti darúgbó. Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Ọlọ́run náà tún ni! Gbogbo èèyàn ló ń gbé ẹrù tí wọn ò fẹ́ rù lé Ọlọ́run lórí.

Mi ò dì wẹ́wẹ́ mọ́. Irun fífọ̀ àti wíìgì rírán ni mò ń ṣe báyìí, àti irun kíkó ńláńlá tí kò nílò ìka púpọ̀. A ń jẹun. Dádì ṣì ni alága. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, báwo ni ọwọ́?" Màá ní ó dáa, sà.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Èyí tó rọrùn ni ti ejò. Ẹ má fọwọ́ mú ejò, bó ti wù kó kéré tó, bó ti wù kó ṣe bí aràn tó, ẹni yòówù kó ní kẹ́ ẹ mú un. Lásìkò òjò, tẹ́ ẹ bá ń tú òkìtì ewé tàbí yanrìn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà. Bó bá gún yín, ihò kan ni o, ihò méjì ni o, ọsibítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi okùn di ọwọ́ pa. Ẹ sọ fún dókítà pé kò la ẹnu.

Èkejì le fún mi láti sọ. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí wá, mi ò tíì rí òwe tó bá a mu. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ìka ló lọ, àmọ́ kì í ṣe ìka ló ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìrírí tiyín sísàlẹ̀ níbí. Kì í ṣe àwọn tí ejò ṣán nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe àwọn tí wọ́n purọ́ mọ́ nìkan. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró níbẹ̀, tẹ́ ẹ gbọ́, tí wọ́n bi yín, tẹ́ ẹ ní ẹ ò gbọ́. Ẹ lè fi orúkọ yín pamọ́. Ẹ ṣáà sọ fún mi, nígbà tẹ́ ẹ délé lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ rí oúnjẹ jẹ?